Ewé Gíríìkì

Búrẹ́kò la máa ń pè é nílé wa. Orúkọ rẹ̀ gan-an gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, galakitobúrẹ́kò ni, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ torí orúkọ oúnjẹ gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ? Oúnjẹ àwọn ará Gíríìkì ni. Èèyàn á se mílíìkì, ẹyin, ṣúgà àti sẹ̀mó pọ̀ títí á fi ki bí ògì, á fi ìyẹ̀fun tí wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi bébà bò ó lókè nísàlẹ̀, á yan án nínú ófúnù, á wá da omi ṣúgà lé e lórí. Bí ọdún Iléyá bá dé, gbogbo ẹni tó mọ̀ wá ní Peckham ló mọ̀ pé yàtọ̀ sí ẹran àti ìrẹsì, búrẹ́kò á jáde nílé màmá mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Burúkú kẹ̀? Ẹ ní kí n wá jẹ burúkú lọ́jọ́ ọdún?" Wọ́n jẹ ẹ́ ṣá o, wọ́n sì di díẹ̀ sínú nàìlọ́nù lọ.

Ọ̀dọ̀ onílé wọn ni màmá mi ti kọ́ ọ. Ọmọge ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé London láti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin Gíríìkì kan ní Camberwell ló sì fún wọn ní yàrá, opó kan tó máa ń wọ aṣọ dúdú látòkè délẹ̀. Obìnrin náà kò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀, màmá mi náà gbọ́ ọ ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́, nítorí náà ọwọ́ ni àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé ìdáná. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà gbé ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sókè, ó ní, "Fílò." Ó wá lọ já ewé kan lára òdòdó tó wà lójú fèrèsé, ó tún ní, "Fílò." Bí màmá mi ṣe mọ̀ pé ewé ni ìtumọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní ewé Gíríìkì, nígbà tó yá wọ́n gé Gíríìkì kúrò, ó ku ewé lásán. "Gbé ewé jáde nínú fíríìsà." "Fi aṣọ tútù bo ewé, kó má gbẹ." Mo ti dàgbà díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohun mìíràn ni àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń pè é.

Ohun tí mo fẹ́ sọ bẹ̀rẹ̀ nínú fíríìsà. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan láti mú ẹja, páálí ewé ni mo bá níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, ó kún dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ẹja, kò sí ẹran, kò sí ẹ̀fọ́. Mo pe màmá mi pé, "Mummy, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo eléyìí ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ ṣí shop ni?" Wọ́n ní ó fẹ́ wọ́n lọ́jà ni àwọn fi rà á sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn pẹ́ ju ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n sì ń wò mí láti mọ̀ bóyá mo gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Wọ́n kírun Ayilà, wọ́n ká ẹní, wọ́n jókòó, wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n wo aago, wọ́n ní, "Háà, Ayilà ti tó," wọ́n sì tún dìde lọ ṣe àlùwàlá. Mo ní lọ́kàn mi pé kò sí ẹni tí ìrun àkíkún ń pa. Nígbà tó di pé mò ń gbálẹ̀ yàrá wọn, mo rí ìkòkò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jóná dúdú nínú lóde, wọ́n sì fi ìborùn wé e. Ìyẹn ló já mi láyà jù. Ẹni tó gbàgbé nǹkan lásán kì í tọ́jú ìkòkò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó ti mọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní East Dulwich, nínú ilé tó ní ọgbà lẹ́yìn. Ó ti kun yàrá ìsàlẹ̀ sílẹ̀, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i, ó ní kí màmá fi fúlátì wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Òótọ́ ló ń sọ, mo sì ń bínú sí i nítorí pé òótọ́ ló ń sọ. Màmá mi ní àwọn ò lọ. Fúlátì wọn wà lókè Rye Lane, wọ́n lè yọ orí lójú fèrèsé kí wọ́n rí ẹni tó ń ra iṣu, kí wọ́n sì bá a wí pé iṣu yẹn kò dáa. Wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn dé mọ́sáláṣí. "Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Dulwich? Èèyàn kì í kí èèyàn níbẹ̀. Ajá ni wọ́n ń kí." Wọ́n ní nínú ilé tí àwọn ti fi owó iṣẹ́ àwọn rà, níbẹ̀ ni àwọn máa wà, àfi bí àwọn kò bá mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì mọ́.

Mo mú wọn lọ rí dókítà. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, ó rọra bi wọ́n pé ọjọ́ wo lòní, ìlú wo la wà, kí wọ́n ya ojú aago, kí wọ́n máa ka lẹ́tà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Màmá mi dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ka Fátíhà. Wọ́n tiẹ̀ tún sọ fún un pé kó má máa wo kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ń bi àgbàlagbà ní ìbéèrè. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ ra ṣíkín fún wa.

Inú bọ́ọ̀sì la wà, lókè, nígbà tí màmá mi wò mí tí wọ́n ní, "Má yọ̀ o."

Mo ní, "Kí ló dé, Mummy? Ẹ pass gbogbo ẹ̀ now."

"Ìbéèrè tí èmi fúnra mi ti bi àwọn patient títí mo fi retire ni. Kò sí èyí tí mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀ nínú oorun. Wọn ò lè rí mi mú níbẹ̀." Wọ́n yíjú sí fèrèsé. "Búrẹ́kò ló lè rí mi mú."

Mi ò tètè lóye wọn. Wọ́n wá ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí nọ́ọ̀sì tó ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tó bá ń lọ sílé. Wọ́n ní búrẹ́kò ní ẹsẹ̀ tó pọ̀: èyí á ṣáájú, èyí á tẹ̀ lé e, èyí á tutù kí ìyẹn tó gbóná. Ẹni tí orí rẹ̀ kò bá pé kò lè ṣe é parí. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú Iléyá, àwọn á ṣe é, èmi á sì jókòó ti àwọn. "O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. O ò gbọdọ̀ rán mi létí. Bó bá jáde, kí àbúrò ẹ fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Bí ò bá jáde, màá kó ẹrù mi lọ sí Dulwich, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà."

Mo ní, "Mummy, oúnjẹ lásán ni o."

"Gbọ́ mi. Bí mi ò bá ṣe é re, ìwọ lo máa sọ ọ́, lójú mi, lójú àbúrò ẹ. Bí mo bẹ̀ ẹ́, má gbọ́. Bí mo bínú, má gbọ́. Mo ti rí i ní ward, ẹni tó bá ń ṣe kì í mọ̀ pé ó ń ṣe òun. Búra fún mi."

Mo fi Ọlọ́run búra, nínú bọ́ọ̀sì, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń pariwo lẹ́yìn wa. Mo fẹ́ kí wọ́n tètè mú ọwọ́ wọn kúrò lórí ọwọ́ mi, nítorí pé ó tutù.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé náà, fúlátì náà mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti nu ilẹ̀ ilé ìdáná títí ó fi ń dán. Wọ́n ti gé èékánná wọn, wọ́n ti ká apá aṣọ wọn dé ìgúnpá, gbogbo nǹkan sì wà lórí tábìlì ní ìlà, bí irinṣẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ẹyin wà nínú abọ́, bọ́tà wà nínú àwo, sẹ̀mó wà nínú àpò rẹ̀. Òjò ń rọ̀. Ní ìsàlẹ̀, ní Rye Lane, oníwàásù kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ fún àwọn tó ń ra ẹja pé òpin ti dé. Màmá mi ti fèrèsé pa, wọ́n nawọ́ sí àga kan ní igun, mo sì lọ jókòó síbẹ̀. Èmi tí mi ò lè dákẹ́ níwájú ìkòkò ẹlòmíràn, mo ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan mi.

Omi ṣúgà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kaná, bó ṣe yẹ. Òun ló gbọ́dọ̀ ṣáájú kó lè ráyè tutù, nítorí pé bí omi ṣúgà bá gbóná tí búrẹ́kò náà sì gbóná, ewé á rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀. Wọ́n ju èèpo lẹ́mọ̀nù sí i, wọ́n sún un sí ojú iná ẹ̀yìn. Wọ́n yọ́ bọ́tà. Wọ́n po ẹyin pọ̀ mọ́ ṣúgà nínú abọ́ títí ó fi funfun. Wọ́n wá tú ewé. Ó yẹ kí ẹ rí ọwọ́ wọn. Wọ́n ń fi ìka méjì gbé e níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣí báńdéèjì lójú egbò, kò ya, kò ká, wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú páànù, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún ní bọ́tà, wọ́n sì ń dá aṣọ tútù padà sórí èyí tó kù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n gbàgbé aṣọ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kí n má parọ́, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún àbúrò mi pọ̀ lẹ́nu, mo sì ti fi èébú díẹ̀ sí i. Mo ti ń rí i bí á ṣe fi yàrá tó kùn yẹn ṣe ibi tí yóò máa kó kẹ̀kẹ́ sí.

Bí wọ́n ṣe ń da mílíìkì sínú ìkòkò ni wọ́n sọ pé, "Màdáámù fẹ́ràn kó dùn gan-an. Mo máa bu tiẹ̀ sọ́tọ̀ kó tó dé."

Màdáámù ni wọ́n máa ń pe onílé wọn ti Camberwell. Obìnrin náà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé ojú mi sílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé àgbàlagbà a máa ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni, pé ọwọ́ ni wọ́n ní kí n máa wò. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé omi ṣúgà ṣì wà lójú iná. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀ tipẹ́. Ó ń hó nínú ìkòkò kékeré náà, ó ń dún pọ́tọ̀pọ́tọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Màmá mi kẹ́yìn sí i, wọ́n ń kọrin lábẹ́nú.

Ẹnu ń yún mi. Mo ti búra.

Mílíìkì gbóná. Wọ́n bu sẹ̀mó lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń jẹ́ kó máa yọ́ jáde láàárín ìka wọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣíbí onígi rò ó lọ́wọ́ ọ̀tún. Àpò sẹ̀mó kan náà tí a fi ń jẹ ẹ̀fọ́ la fi ń ṣe búrẹ́kò. A ò ní èyí tó yàtọ̀ rí nílé wa. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n á gbé mi sórí àpótí, wọ́n á ní, "Rò ó, má dáwọ́ dúró, bó o bá dáwọ́ dúró á dì." Ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ohun tí a ń fi ọwọ́ rò nínú ìkòkò àti èyí tí a ń fi ọkàn rò. Mi ò kà á sí rí. Lọ́jọ́ náà, mò ń wo apá wọn, mo sì ń gbàdúrà pé kí wọ́n má dáwọ́ dúró.

Wọn ò dáwọ́ dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èjìká wọn wọ̀ ọ́. Tẹ́lẹ̀, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń yí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń po ẹ̀kọ ọmọ. Bí mílíìkì ṣe ki, ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kí wọ́n sì da ẹyin sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ya ẹsẹ̀. Wọ́n fi aṣọ di etí ìkòkò mú ṣinṣin. Wọ́n ju ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fa dúrọ́ọ̀ láìwo ibẹ̀, wọ́n mú ọmọ orógùn jáde. Wọ́n gbé àpò sẹ̀mó, wọ́n sì tún dà á sí i, wùù, kì í ṣe láàárín ìka mọ́. Wọ́n rò ó, wọ́n gbá a mọ́ ara ìkòkò, wọ́n bu omi gbígbóná sí i láti inú kẹ́tù, wọ́n dé e pé kó jinná, wọ́n tún ṣí i, wọ́n tún rò ó. Òógùn yọ níwájú orí wọn. Wọ́n dùn ún wò, kí Ọlọ́run má jẹ́ n parọ́. Òkèlè tó wà nínú ìkòkò náà ń dán, kò ní kókó kankan.

Mo ní, "Mummy." Ó bọ́ lẹ́nu mi.

Wọn ò gbọ́. Wọ́n fi omi ra ọwọ́, wọ́n bu òkèlè náà, wọ́n fi sórí ewé. Wọ́n gbé ewé Gíríìkì náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ létí ọ̀tún, wọ́n ṣẹ́ ẹ létí òsì, wọ́n fẹ́ ká ìdí rẹ̀ sábẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń pọ́n ẹ̀kọ. Ewé náà fọ́. Wọ́n mú òmíràn, ó tún fọ́, ó ń já sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Màmá mi pòṣé. "Ewé yìí ti gbẹ. Ta ló já ewé tó gbẹ báyìí?" Ohùn wọn ti tínrín. "Ìyá mi á nà mí lónìí. Ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ti ń dúró dè wá lọ́jà."

Ìyá wọn, ìyá ìyá tèmi, ẹ̀kọ ló tà títí ó fi kú, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo mọ̀ ọ́n nínú fọ́tò nìkan. Ewé eéran ni màmá mi máa ń bá a tò kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí obìnrin Gíríìkì fi kọ́ wọn ní Camberwell ti ṣí ilẹ̀kùn kan sẹ́yìn, wọ́n sì ti gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n lọ sí ibi tí èmi kò tíì sí láyé. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an, débi pé mo di àga mú.

Òórùn ló gbé mi dìde. Omi ṣúgà ti gbẹ pátápátá, ó ti di dúdú, èéfín aláwọ̀ ewú ń ti inú rẹ̀ jáde, ó sì ń rá lọ sí ibi tí wọ́n fi páálí ewé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Màmá mi dúró sí àárín èéfín náà, wọn ò tiẹ̀ wúkọ́. Mo wo òkè àjà pé kí ló dé tí ẹ̀rọ tó máa ń ké bí èéfín bá dé kò ké. Kò sí níbẹ̀. Ihò ló wà níbẹ̀, àti wáyà méjì tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì dáadáa. Wọ́n ti yọ ọ́. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, mi ò sì mọ iye òru tí wọ́n ti sùn lábẹ́ ihò yẹn. Mo pa iná, mo ṣí fèrèsé. Mo ti búra pé mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá iná ṣe àdéhùn.

Afẹ́fẹ́ tútù ló dá wọn padà, tàbí ariwo Rye Lane. Wọ́n wo ọwọ́ wọn tó kún fún sẹ̀mó. Wọ́n wo ewé tó fọ́ kálẹ̀. Wọ́n wo abọ́ ẹyin, ó ṣì wà níbi tó wà, ó funfun, ẹnì kan kò fọwọ́ kàn án. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ wọ́n lára díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni mo ṣe?"

"Mummy, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jókòó."

"O búra."

Mo sọ ọ́. Mo ní sẹ̀mó ni wọ́n rò, mo ní wọ́n pọ́n ọn bí ẹ̀kọ, mo ní omi ṣúgà jóná. Wọ́n ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn nípa aláìsàn kan tí wọ́n ti mọ̀ pé kò ní pẹ́ kú. "Ó ti tó," ni wọ́n wí. "Pe àbúrò ẹ kó máa bọ̀. Kí n lọ kírun Alásárì."

Àbúrò mi dé kí wọ́n tó kírun tán. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ohun tó wà lórí tábìlì, ó wò mí. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé òun ló jàre. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ ṣe eléyìí."

Bí màmá mi ṣe jáde sí wa nìyẹn, ìborùn ìrun ṣì wà lórí wọn, ojú wọn sì mọ́ kedere. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, o káàbọ̀. Ọwọ́ oúnjẹ lo bá wa. Búrẹ́kò ti wà nínú ófúnù, kò ní pẹ́ jáde." Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Sọ fún un bó ṣe lọ. Sọ fún un pé mi ò gbàgbé ohun kan."

Ófúnù tutù. Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi ń wò mí, ó ń fi ojú bẹ̀ mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá sọ pé ó jáde dáadáa, á gbà, a óò jọ gbé gbogbo rẹ̀ dà sínú dọ́sìbìnì, màmá mi á wà nínú ilé wọn, wọ́n á máa yọ orí lójú fèrèsé. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ohunkóhun lọ. Mo gbójú sókè, mo tún rí ihò yẹn.

Mo ní, "Kò jáde."

Inú bí wọn. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n ní èmi àti àbúrò mi ti jọ gbìmọ̀ láti gba ilé mọ́ àwọn lọ́wọ́, pé àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé irú ọmọ wo nìyí. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìdí: fíríìsà, ìkòkò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìrun tí wọ́n kí lákìítúnkí, èéfín, wáyà méjì. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi, kò gbọ̀n, ó le, kò dà bí ohùn ọmọ ẹnikẹ́ni. Àbúrò mi jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó ń sunkún.

Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ìbínú náà ń kúrò lójú màmá mi. Mo rò pé ó ti yé wọn ni. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, wọ́n sì fi gbogbo ara gbọ́ mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n sì rọra tẹ orúnkún wọn ba fún mi.

"Ẹ ṣeun gan-an, mà. Iṣẹ́ yín lẹ ṣe, mi ò bínú sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi pe ọmọ mi obìnrin, kó wá mú mi lọ sílé. Ó ti yẹ kó ti dé."

Mo di ìgúnpá wọn méjèèjì mú. Mo ní, "Ẹ dìde, mà. Màá pè é."